Igẹ̀ Àgbò àti Kànga Bàbá Mi

Ajé, Fẹ́búárì 3, 1936

Adégbóyè pa bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì lónìí.

Ikú àkọ́kọ́, ibà ló fà á, a sì gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èyí, ẹnu ni wọ́n fi pa á. Mi ò gbà.

Mo jókòó sídìí ọjà mi, mo ń nu abọ́ tánganran, nígbà tí oníbàárà kan sọ fún mi pé akọ̀wé kan láti bíró òyìnbó ń kọ ìtàn àárín ìlú Lomé – adúgbò wa, Anagokomé, àti gbogbo òpópónà tó yí ọjà ńlá ká. Ó ní Adégbóyè ti lọ sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní bàbá òun, Dàda, ni Ànàgó àkọ́kọ́ tó kọ́lé síbẹ̀. Ó ní bàbá òun ló gbẹ́ kànga.

Kànga wo? Kànga iwájú ilé wa! Èyí tí Jẹ̀lílì Láwàl, bàbá mi, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́!

Oníbàárà náà ní òun gbọ́ lọ́jà pé orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa kọ sára pátákó tánganran, tí wọ́n á kàn án mọ́ ògiri ní ìkóríta. Èmi tí mo ń ta tánganran láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Kí n máa gba abẹ́ orúkọ Dàda kọjá lọ ọjà.

Láti òní lọ, mi ò ní kọ orúkọ ọmọ yẹn sínú ìwé yìí mọ́. Agbádá ni màá máa pè é. Bó bá fẹ́ ra iyọ̀, agbádá ló ń wọ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun, Fẹ́búárì 4

Mi ò jẹun lónìí. Màá gbẹ̀san. Bí mo ṣe máa ṣe é ni mi ò tíì mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, Fẹ́búárì 6

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ayé Jámánì ni. Lomé ò ju etíkun lọ, àti igi àgbọn, àti ọ̀sà lẹ́yìn. Kò tíì sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Kò tíì sí afárá onírin tí ọkọ̀ òkun ń já ẹrù sí – ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń gbé ẹrù la ìgbì kọjá, èèyàn sì ń bá a lọ. Bàbá mi fẹsẹ̀ rìn láti Èkó, ó gba Àjàṣẹ́, ó gba Aného, ẹrù aṣọ lórí. Ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Ewé. Iyanrìn lásán. Omi ọ̀sà ò ṣe é mu, ó bá bẹ̀rẹ̀ kànga.

Oṣù méjì. Bó ti ń gbẹ́ ẹ ni iyanrìn ń ya wọ inú rẹ̀. Ó wá lọ ń kó àgbá ọtí tí àwọn òyìnbó ti mu tán, ó ń yọ ìdí wọn, ó ń tò wọ́n lórí ara wọn wọ inú ihò náà kí iyanrìn má baà ráyè. Mo rí i. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, èmi ni mo ń gbé ẹ̀kọ lọ fún un. Ọjọ́ tí omi dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú, ó fún mi mu kó tó mu. Ó ń rùn bí ọtí. Mi ò mu omi tó dùn tó ìyẹn rí.

Ọdún kejì ni Dàda dé, pẹ̀lú ẹní kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló sùn fún oṣù mẹ́rin. Bàbá mi ló gé ilẹ̀ òdìkejì ọ̀nà fún un. Wọn ò tíì bí Agbádá nígbà yẹn!

Lẹ́yìn náà ni àwọn Ànàgó yòókù wá, àwọn Gàḿbàrí, àwọn tó ti Bràsílì dé pẹ̀lú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. Òpópónà jáde, ọjà gbòòrò. Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi l'Ábẹ́òkúta, níbi tí mo ti kọ́ ìwé tí mo fi ń kọ èyí. Ogun dé, Jámánì lọ, Faransé gba ibẹ̀. Ibà pa bàbá mi. Kànga ò gbẹ.

Ẹni a bá lábà ni baba. Gbogbo ìtàn adúgbò yìí kò ju ìyẹn lọ.

Àbámẹ́ta, Fẹ́búárì 8

Mo lọ sí bíró. Akọ̀wé náà ń jẹ́ Pierre, Mina ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kálàmù lẹ́yìn etí. Kálàmù ni màá máa pè é. Ọmọlúwàbí ni. Ó ní, "Bọ̀njúù, madáàmù," ó sì fún mi ní àga. Èdè Mina la jọ sọ. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan àwọn àgbá ọtí.

Ó kọ díẹ̀. Ó wá ní mùsíyọ̀ Agbádá mú ẹlẹ́rìí méjì wá. Ẹlẹ́rìí tèmi dà? Mo ní wọ́n ti kú. Ó ní kí n wá ẹnì kan tó yè, tí kì í ṣe ẹbí mi. "Madáàmù, ìwé ò gba omijé."

Mi ò sunkún o. Òógùn ni.

Ajé, Fẹ́búárì 10

Agbádá kọjá níwájú àtẹ mi, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, èyí tí kì í jẹ́ kí agbádá kan ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjà. Mo gbọ́ pé ẹ lọ kí wọn ní bíró."

Mo ní ta ló gbẹ́ kànga? Wo ojú mi kó o sọ ọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ìtàn ló ni ín."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, tánganran etí rẹ̀ sì bó. Òun ló jẹ mí ní abọ́ yẹn pẹ̀lú. Kò ní gbọn èyí dànù.

Jímọ̀, Fẹ́búárì 14

Mo ti rí i! Ibi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá ló ti sọ sí mi lọ́kàn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mi ò mọ ohun tí mo kí nírun.

Igẹ̀ àgbò!

Ní Anagokomé, ilé tí wọ́n bá gbà lálejò kì í gbàgbé ilé tó gbà á. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, igẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gé, wọ́n á sun ún, wọ́n á gbé e sórí àwo, wọ́n á gbé e wá fún onílé, wọ́n á sì sọ pé: "Onílé, àlejò yín kò gbàgbé." Onílé á tọ́ ẹran náà wò, á fi iyọ̀ díẹ̀ sínú àwo, á dá a padà. Àfìgbà tí àwo bá padà délé kí ẹnikẹ́ni nínú ilé àlejò tó fi ẹran kan ẹnu. Ọmọdé ìbáà máa ké.

Ilé Dàda ti ń gbé e wá láti nǹkan bí ogójì ọdún. Bàbá mi kú, wọn ò dáwọ́ dúró. Dàda kú, wọn ò dáwọ́ dúró. Àwo tánganran aláwọ̀ búlúù tí bàbá mi fún wọn láyé Jámánì ni wọ́n fi ń gbé e.

Kí Kálàmù wá jókòó sílé wa lọ́jọ́ Iléyá, kó fojú rẹ̀ rí i. Ta ni ẹlẹ́rìí tó ju igẹ̀ àgbò lọ?

Ìṣẹ́gun, Fẹ́búárì 18

Yétúndé, àbúrò mi tí a jọ ń gbélé, ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi là ń pọn nínú kànga, a kì í pọn orúkọ." Mo ní kó lọ pọn omi nígbà náà.

Àìkú, Máàṣì 1

Kálàmù gbà láti wá. Agbádá ti gbọ́. Ó ń sọ káàkiri pé ẹran òun ò ní sọdá ọ̀nà lọ́dún yìí. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Mi ò sọ fún Yétúndé.

Ọjọ́rú, Máàṣì 4. Iléyá

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀.

A ti yídì dé. Kálàmù dé pẹ̀lú bàtà tó ń dán, mo fi í jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, níbi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà Agbádá kedere. Ilé gbogbo ń pa àgbò. Èéfín gba adúgbò kan. Mo rí i tí wọ́n pa ti Agbádá, méjì, ńlá ńlá. Mo rí i tí wọ́n ń kun ún. A dúró. Kálàmù mu omi ọsàn, ó wo aago. A tún dúró. Agbádá jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi igi tayín, ó juwọ́ sí wa. Ó fẹ́ kí n rí i pé òun ti ń jẹun. Ojú tì mí dé eegun. Kálàmù bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀.

Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù bá jáde.

Ìyá Agbádá ni, opó Dàda. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti tó ọdún méjì tí kò sọdá ọ̀nà. Àwo búlúù lórí rẹ̀, ọwọ́ kan lára àwo, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì. Agbádá sáré tẹ̀ lé e, ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ padà, Màmá, ẹ dákun." Ìyá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Gbogbo èèyàn ń wò.

Ó dé iwájú mi. Ó kúnlẹ̀. Mo ní kó má kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀ní, ọmọ onílé mi. Àlejò yín kò gbàgbé."

Kálàmù bi í ní èdè Mina pé kí nìyí túmọ̀ sí. Ìyá sọ fún un. Ó ní ẹní kan ni ọkọ òun gbé dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ló sùn, omi kànga yìí ni òun fi wẹ ọmọ òun tó dúró sẹ́yìn yìí, lọ́jọ́ tí òun bí i. Ó na ọ̀pá sí Agbádá. Kálàmù ń kọ ọ́. Mo ń gbọ́ bí ìwé ṣe ń dún.

Mo tọ́ ẹran wò. Mo fi iyọ̀ sínú àwo. Mo rọra ṣe é. Mo fẹ́ kí Agbádá rí i dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, Máàṣì 5

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo jẹun àjẹyó.

Ìṣẹ́gun, Máàṣì 10

Kálàmù wá pẹ̀lú okùn, ó sọ ọ́ sínú kànga, ó ka iye ẹsẹ̀ tó jìn. Mo fẹ́ràn irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ìtàn tó bá dáa gbọ́dọ̀ jìn.

Ó fa omi, ó rọ ọ́ sínú gíláàsì, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó pẹ́. Mo ní kó mu ún, omi tó dùn ni. Kò mu. Ó ní nǹkan kéékèèké ń ta nínú rẹ̀. Mo ní ó ti wà níbẹ̀ láti ayé Jámánì, ọ̀kan ò pa wá. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó bi mí bóyá àwa nìkan la ni kànga, tí ẹnì kankan kò bá wa pín in. Mo ní àwa nìkan. Àti iwájú ibi tó wà? Ti àwa. Títí dé ojú ọ̀nà? Títí dé ojú ọ̀nà, mùsíyọ̀! Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fún un.

Àbámẹ́ta, Máàṣì 14

Èyí ni mo ti ń dúró dè. Agbádá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ sí ìwé tí Kálàmù kọ, pé ti Láwàl ni kànga. Kálàmù gbé ìwé náà ka orí àga. Mo ní kó kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́. Mo ní kí àwọn aládùúgbò sún mọ́ ibí. Ó sọ ọ́. Mo ní mi ò gbọ́. Ó tún un sọ. Mo mú kó sọ ọ́ nígbà mẹ́ta, bí ẹni ń kọ́ ọmọ kéwú.

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín ni. Kànga, iwájú kànga, gbogbo rẹ̀ pátá."

Ó tẹ àtàǹpàkò sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìtìjú. Ó dùn mọ́ mi ju oyin lọ.

Àìkú, Máàṣì 22

Mo ti fọ ògiri ìkóríta níbi tí pátákó máa wà. Yétúndé ní wọn ò tíì sọ pé pátákó ń bọ̀. Yétúndé fẹ́ràn kó máa da omi sínú iná.

Ajé, Máàṣì 30

Kálàmù mú ìwé wá. Kò jókòó. Ó kà á fún mi ní Faransé, ó tún un sọ ní Mina, mo ní kó tún un sọ.

Ẹ̀fọn ń yé sínú àwọn kànga àárín ìlú. Ẹ̀fọn ló ń mú ibà wá. Kànga tí a bá ti mọ olóhun rẹ̀, olóhun rẹ̀ ni yóò dí i, láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iwájú rẹ̀ yóò di títì, kí ọ̀nà lè tọ́ gbọọrọ láti ọjà dé ọ̀sà. Ògiri wa àti yàrá méjì iwájú wà nínú rẹ̀.

Èyí tí a kò bá mọ olóhun rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá ń jà sí, wọ́n á fi í sílẹ̀ ná.

Wọ́n á fi í sílẹ̀.

Mo ní, ìtàn ńkọ́? Ó ní ó wà nínú fáìlì, ojú ìwé kẹrin. Ó fi hàn mí. *Láwàl, Jẹ̀lílì. Olóhun.* Ohun tí mo wá rèé, ní orúkọ kíkún, pẹ̀lú àtàǹpàkò Agbádá lábẹ́ rẹ̀.

Ibà ló pa bàbá mi. Wọ́n ní kànga tó gbẹ́ ló ń bí ibà. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ìyẹn kà.

Ọjọ́rú, Épírì 1

Mo lọ bá Kálàmù. Mo ní ṣé Agbádá mọ̀? Kò fẹ́ sọ. Ó wá sọ. Ọjọ́ kejì Iléyá ni Agbádá wá sí bíró láti tún bá mi jà sí kànga. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwádìí náà ṣe fún un. Ó ní ó ti yé òun, ó bèèrè ibi tí òun máa fọwọ́ sí.

Mo ní, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Kálàmù wo ilẹ̀. "Ẹ ò bèèrè, madáàmù. Ìtàn nìkan lẹ̀ ń sọ."

Àti pé mo mú kó sọ ọ́ nígbà mẹ́ta. Èmi fúnra mi ni mo pe àwọn aládùúgbò wá gbọ́ ọ. Òmùgọ̀ ni mí. Kí n kọ ọ́ kó ṣe kedere: òmùgọ̀.

Ọjọ́bọ̀, Épírì 9

Yétúndé ò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí.

Ìṣẹ́gun, Épírì 14

A gba alágbàṣe, wọ́n dí i lónìí. Iyanrìn etíkun ni, tí ìkarahun wà nínú rẹ̀. Yétúndé fa korobá tó kẹ́yìn, a pín in mu. Nígbà tí wọ́n wó etí kànga, igi àgbá kan yọ lábẹ́ bíríkì, dúdú, kò tíì jẹrà. Mo yọ ọ́. Ó wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Mo sunkún. Èyí kì í ṣe òógùn.

Jímọ̀, Épírì 17

Pátákó dé. Tánganran gidi, búlúù àti funfun, kò ní tètè bó. Orúkọ òyìnbó kan ni wọ́n kọ sí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Anagokomé.

Wọ́n ti wó ògiri wa àti yàrá méjì iwájú, ilé Agbádá ló wà lójú títì báyìí. Ó ti ń kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àbámẹ́ta, Épírì 18

Kì í ṣe Iléyá. Kì í ṣe ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Agbádá pa àgbò kan lónìí, ó pe ogún èèyàn jáde láti ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Mùsíyọ̀ méjì láti bíró wà níbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ga, ó gbé àwo búlúù sọdá fúnra rẹ̀, àwọn àlejò rẹ̀ ń wò ó láti òdìkejì. Ó dúró sórí iyanrìn, gẹ́lẹ́ ibi tí kànga wà. Igẹ̀ àgbò wà nínú àwo náà. Ó dọ̀bálẹ̀ pátápátá lónìí, tagbádá tagbádá.

"Onílé," ó ní. "Àlejò yín kò gbàgbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Yétúndé ní kí n da ẹran náà sí i lójú. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n ṣe é.

Mo gbà á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ní Ọlọ́run á sanwó oore. Mo gbé e wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Agbádá gbàgbé ìyá rẹ̀. Ìyá Wúlẹ̀mọ̀tù rò pé ọmọ òun ti ronú pìwà dà. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé àpótí sídìí ìkòkò, ó jókòó, ó ní kò sẹ́ni tó máa bu ọbẹ̀ títí àwo onílé á fi padà dé.

Mo jókòó sẹ́nu fèrèsé. Òórùn ọbẹ̀ gba títì. Mo rí i tí Agbádá ń bẹ ìyá rẹ̀, tí ìyá ń mi orí. Mo rí i tí àwọn mùsíyọ̀ wo aago. Ó rán èèyàn wá gba àwo, mo ní mi ò tíì tọ́ ọ wò. Ó tún ránṣẹ́. Mo ní ọjọ́ ogbó, eyín ń dùn mí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn àlejò ti lọ tán, àkàrà ni wọ́n rà jẹ lójú ọ̀nà.

Mo bínú sí ara mi nítorí ìyá àgbàlagbà náà, tí òun náà fi ebi jókòó. Mo fi ẹ̀kọ ránṣẹ́ sí i. Àwo ò bá a lọ.

Àìkú, Épírì 19

Adìyẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ìkòkò ilé Agbádá ti kan. Ìyá ò kúrò nídìí rẹ̀. Ẹran tèmi náà ti ń rùn, mo ti gbé e sẹ́yìnkùlé, àmọ́ mo ti fọ àwo, mo nù ún dáadáa bí mo ṣe ń nu ọjà mi. Kò bó níbì kankan. Orí igi àgbá ni mo gbé e lé.

Agbádá wá fúnra rẹ̀ láàárọ̀, láìwọ agbádá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá ò jẹ́ ká dáná nílé." Mo pa fèrèsé dé.

Yétúndé bi mí ìgbà tí màá dá àwo náà padà. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá kó iyanrìn kúrò nínú kànga.